Ìyá Tó Ní Òun Jẹun

Ní ọdún tí ìrẹsì di ọ̀wọ́n ní Monrovia, mi ò lè jókòó sójú kan. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní kí n tó jẹun tán, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta: màá yẹ ilẹ̀kùn wò, màá yẹ iná wò, màá tún lọ dúró lójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò retí ẹnikẹ́ni.

"Mọ́mì, ta lò ń wò?" ló máa ń bi mí.

"Mi ò wo ẹnì kankan."

"Jókòó, jẹun."

Màá jókòó. Kò ní pẹ́, màá tún dìde.

Tíṣà ni mí. Báǹkì ló gbé ọkọ mi wá sí Làìbéríà, èmi àti àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ọjà Lakpazee là ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní iléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sílé. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ nílùú yẹn, ọkọ̀ òkun ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ọ̀dá dá níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín, tí ogun tún ń lọ níbòmíràn, tí owó epo ọkọ̀ fi lọ sókè, ọjà Lakpazee ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ife tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì kò yí padà, àmọ́ àwọn tó ń tà á kì í bù ú kó ga lórí mọ́. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo ní kíláàsì mi. Àwọn òbí ò rówó iléèwé san mọ́. Nígbà tí wọ́n máa dín tíṣà kù, èmi àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ dín.

Obìnrin kan ní ìjọ wa, dókítà ni, ló sọ fún mi pé ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Mamba Point ń wá àwọn tó máa ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé. Wọ́n fẹ́ pín oúnjẹ ní àdúgbò Barnersville, oúnjẹ náà ò sì lè kárí, nítorí náà wọ́n fẹ́ mọ àwọn ilé tí ebi ti ń pa wọ́n jù. Mo lọ. Wọ́n gbà mí.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa. Yàrá ìpàdé wọn dojú kọ òkun, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ débi pé mo fi ìborùn bo èjìká. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní fóònù tí ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ọjọ́ kan wà tí ẹ ò jẹun láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá? Ṣé ẹ yá oúnjẹ? Ṣé ẹ rán ọmọ lọ jẹun nílé ẹlòmíràn? Ọ̀gá wa, ọmọ ìlú náà ni, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó kọ òfin kan ṣoṣo sára pátákó: ohun tí ẹnu wọn bá sọ ni kí ọwọ́ yín tẹ̀. Ẹ má bá wọn dáhùn. Ẹ má bá wọn jiyàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Tíṣà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé òfin.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Méjì-méjì ni wọ́n pín wa. Ẹni tí wọ́n pín mọ́ mi dàgbà jù mí lọ dáadáa, ọmọ Làìbéríà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í kánjú. Bí mo bá ti wo ilé mẹ́ta, ó ṣì wà ní ilé kejì, á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wúkọ́. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ parí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ ilé obìnrin kan tó ń se ẹ̀gẹ́ lórí àdògán. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá wọ́n jẹun lánàá. Ó ní rárá. Mo ní ìjẹta ńkọ́? Ó ní àwọn ò jẹun láti Sọ́ńdè. Mo wo ìkòkò tó ń hó lórí iná. Mo wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ń jẹ ẹ́.

"Kí wá lèyí tó wà lórí iná?" mo béèrè.

"Ẹ̀gẹ́ ni."

"Ẹ sè é lánàá náà?"

"A sè é."

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

"A jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹun nìyẹn."

Ó wò mí. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún gbé e mì. "Bí ẹ bá ní a jẹun," ó ní, "a jẹun." Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ sí ilé tó kàn.

Bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ò jẹun, màá wo ìdáná rẹ̀, màá máa bi í léèrè títí yóò fi jẹ́wọ́ ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kúkúńdùnkún. Inú mi dùn sí ara mi. Lójú tèmi, mò ń gba oúnjẹ àwọn tí ebi ń pa lóòótọ́ lọ́wọ́ àwọn òpùrọ́. Mo gbà pé gbogbo àdúgbò yẹn ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pín nǹkan, wọ́n sì ti jọ kọ́ irọ́ kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, mo sọ ọ́ fún ẹnìkejì mi. Mo ní àwọn èèyàn yín yìí mà mọ irọ́ pa o.

Ó yí padà, ó wò mí pẹ́. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní àwọn ò jẹun. Ẹ̀gẹ́ sì wà lórí iná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí. "Àbúrò mi," ó ní, "bí mo bá jẹ ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí o bi mí bóyá mo ti jẹun, màá ní rárá. Ìyá mi náà á ní rárá. Ìrẹsì ni oúnjẹ. Ohunkóhun tí kì í ṣe ìrẹsì, a kàn fi mú inú dúró ni. Ẹnì kankan ò purọ́ fún ẹ."

Mo yíjú síta. Ọ̀nà náà kún fún kòtò, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ń jù wá sọ́tùn-ún sósì. Mo ronú kan gbogbo ilé tí mo ti wọ̀. Ìdáhùn wọn ti kúrò nínú fóònù mi, ó ti lọ sí ọ́fíìsì. Mo sọ fún ara mi pé kò séwu, pé ìbéèrè inú fóònù pọ̀, pé ẹyọ kan ò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dìde lọ sójú fèrèsé.

Láti ọjọ́ kẹta, ohun tí ẹnu wọn bá sọ ni mò ń tẹ̀. Mi ò wo ìkòkò ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rò pé mo ti tún un ṣe.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo pàdé ìyá náà. Òjò lé mi wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onípáànù kan, mò ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kó bá mi ká aṣọ tí mo sá sílẹ̀, ni mo bá gbọ́ lẹ́yìn mi pé:

"Ẹ kú òjò o."

Mo yíjú padà. Ìyá àgbà kan ni, ó ga, ó gbẹ, ó fi ìdikù dúdú di irun, ó gbá férémù ilẹ̀kùn mú. Mo rò pé ọmọ ilé wa ni. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Dìde, dìde. Èmi kì í ṣe Yorùbá. Ọkọ mi, òun ni Yorùbá."

Yorùbá rẹ̀ ń tiro, àmọ́ ó ń rìn. Nígbà ogun, nígbà tí àwọn sójà Nàìjíríà wá bá wọn pẹ̀tù sí ìjà, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ẹ, awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìwó. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Nígbà tí wọ́n dá àwọn sójà padà sílé, ó ní òun á wá mú wọn. Ìyá náà ò sọ fún mi bóyá ó wá, mi ò sì béèrè. Ọmọbìnrin yẹn ti dàgbà, ó wà ní Buchanan, níbi tó ti ń yan ẹja tà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, obìnrin ni wọ́n, ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n á tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò ò tíì pé márùn-ún.

Ó fà mí wọlé, ó fi etí aṣọ nu àga fún mi. Látìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, yàtọ̀ sí ilé wa àti ìjọ wa, kò sẹ́ni tó fi Yorùbá kí mi rí. Ara mi yá gágá. Mo mú fóònù jáde.

"Ìyá, ìbéèrè díẹ̀ ni."

"Bi mí."

"Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ọjọ́ kan wà tẹ́ ẹ ò jẹun láti àárọ̀ dalẹ́?"

"Rárá o. A jẹun."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Kí lẹ jẹ?"

"Gàrí."

Fàrínà ni wọ́n ń pe gàrí níbẹ̀. Òun pè é bí àwa ṣe ń pè é, ó tiẹ̀ gbé àyà sókè pè é. Mo bi í ní èyí tó kù. Ṣé ó yá oúnjẹ? Òun kì í yá oúnjẹ. Ṣé ó rán àwọn ọmọ lọ jẹun nílé ẹlòmíràn? Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Rárá. Ṣé ó ta ẹrù ilé láti fi ra oúnjẹ? Òun ò ní ẹrù tí òun máa tà. Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fóònù. Rárá ni mo tẹ̀.

Kí n má purọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń jáde. Mo sọ fún ẹnìkejì mi pé mo ti rí olóòótọ́ kan ní Barnersville. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé ọmọ Yorùbá ló kọ́ obìnrin náà ní òótọ́. Bẹ́ẹ̀ àdògán rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, ó tutù, eérú inú rẹ̀ ti di amọ̀ nítorí òjò tó ń jò sí i. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé mi ò ní wo ìdáná ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí orúkọ àwọn tó máa gba oúnjẹ tó jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iléèwé kan nítòsí ẹ̀rọ omi, wọ́n ní kí àwa tá a ṣe ìwádìí wá dúró tì í, kí a máa dá àwọn èèyàn lóhùn. Èrò pọ̀. Àwọn tó mọ̀wé ń kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á pariwo, á dì mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Àwọn yòókù dákẹ́, wọ́n ń retí bóyá tiwọn wà nísàlẹ̀.

Ìyá náà wá pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì. Ó ti wẹ̀ fún wọn, ó ti fi ìpara pa wọ́n lójú. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó."

Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń tì mí lẹ́yìn, mò ń tì wọ́n padà.

"Ìyá, mi ò rí i."

"Mi ò sí níbẹ̀?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé wọn jọ fara kanra, fi Gẹ̀ẹ́sì ìlú wọn kígbe pé, "Old Ma ló sọ fún wọn pé òun ń jẹun!" Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ojú ló ń tì wọ́n. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ló sọ fún mi, ó fa àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà ilé. Àbúrò ń wẹ̀yìn títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.

Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin tó ń se ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ tirẹ̀ náà ò sí níbẹ̀. Ó pọn ọmọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ibì kankan ò gbà mí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ kọjá ilé wa lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo tún fi sí i. Àwọn ọmọ mi ṣẹ́ ìrẹsì kù sínú abọ́, mo pariwo mọ́ wọn débi pé èyí tó kéré jù sunkún, lẹ́yìn náà mo jókòó, mo jẹ ìyókù náà tán, bẹ́ẹ̀ ni ebi ò pa mí. Nígbà tó di Sátidé, mo bu ìrẹsì sínú àpò, mo mú òróró àti ẹja gbígbẹ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Barnersville. Mi ò sọ fún ọkọ mi.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ìyá náà àti àwọn ọmọ jókòó yí abọ́ kan ká nílẹ̀. Gàrí rírẹ ni. Omi inú rẹ̀ pọ̀ débi pé mò ń rí òdòdó tí wọ́n yà sí ìdí abọ́. Gàrí náà ò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Kò sí ṣúgà, kò sí ẹ̀pà, iyọ̀ ni wọ́n wọ́n sí i. Ṣíbí kan ṣoṣo làwọn ọmọ ń lò, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ìyá àgbà ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó gbé abọ́ náà, ó mu omi tó kù.

"Ìyá, ṣé oúnjẹ àárọ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ?"

"Àárọ̀ kẹ̀? Oúnjẹ nìyí."

"Ti òní?"

"Ti òní."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ ń jẹun?" Ohùn mi lọ sókè. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mò ń bá wí tàbí ara mi.

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ohun tó sọ, ó fi Yorùbá sọ apá kan, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ apá kan, báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ:

"Nígbà tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi, ó gbé gàrí wá fún mi. Mo rẹ ẹ́, mo mu ún. Ó dé, ó ní ṣé mo ti jẹun? Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó ní gàrí ńkọ́? Mo ní mo mu ún, àmọ́ mi ò jẹun. Inú bí i. Kò lù mí o, kò lù mí rí. Ó lọ jókòó síta, kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní gàrí ni ìyá òun fi tọ́ òun dàgbà, bí mo bá ní gàrí kì í ṣe oúnjẹ, ìyá òun ni mo bú. Èèyàn sì ń kú lójú títì nígbà yẹn, wọn ò rí gàrí. Látọjọ́ náà, bí mo bá ti mu gàrí, mo ti jẹun. Ìwọ náà, Yorùbá lo fi bi mí. Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ Yorùbá pé mi ò jẹun?"

Mo na àpò ìrẹsì tí mo gbé wá sí i. Bó bá jẹ́ ẹnìkejì mi ló wọlé yẹn, tó fi ohùn ìlú wọn bi í, bóyá ìdáhùn àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni òun náà ì bá fún un. Àwọn kan ní àwọn ò jẹun, èmi ní wọ́n jẹun. Ẹnì kan ní òun jẹun, mo gbà á gbọ́ wéré, nítorí pé èdè mi ló fi sọ ọ́.

Ó gba ìrẹsì náà lọ́wọ́ mi láìṣe ojú ayé. Ó dá iná lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó jinná, ó kọ́kọ́ bu tàwọn ọmọ, ó bu sínú abọ́ mìíràn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí ilé kejì, ilé ọkùnrin tó kígbe yẹn.

"Ìyá," mo ní, "ṣebí orúkọ tiwọn wà lára ògiri?"

"Orúkọ wà lára ògiri. Oúnjẹ ò tíì dé."

Ní Mọ́ńdè, mo gun òkè Mamba Point lọ bá ọ̀gá wa. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ti ìyá náà nìkan. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi dópin, ó ní kò le rárá, ìgbìmọ̀ àdúgbò lè mú orúkọ ẹni tá a bá fò wá, wọ́n á tún ilé náà wò. Mo dúpẹ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó ní:

"Ṣé òun nìkan ni?"

Bóyá ó kàn béèrè ni. Mo ní òun nìkan ni. Mo jáde. Mo rìn láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí etí ọ̀nà títí mo fi dé ìsàlẹ̀ òkè, mo dúró, mo tún gùn ún padà. Mo dé géètì, mi ò lè wọlé, mo tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì bi mí bóyá mo gbàgbé nǹkan kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró: àwọn ilé ọjọ́ àkọ́kọ́, ti ọjọ́ kejì, àwọn ìkòkò tí mo wò, bí mo ṣe bá àwọn èèyàn jiyàn títí wọ́n fi gbà fún mi. Mo ní mo ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo sì dákẹ́.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Nígbà ogun," ó ní, "mo wà lọ́mọdé, èmi àti ìyá mi tò fún oúnjẹ. Ẹni tó ń kọ orúkọ bi ìyá mi pé èèyàn mélòó ló wà nínú ilé wa. Ìyá mi ka ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú mọ́ wa. Ọkùnrin náà wo ojú ìyá mi, mo rí i pé ó mọ̀. Ohun tí ìyá mi sọ ló kọ." Ó dé awò padà. "Òfin tí mo kọ sára pátákó fún yín, ibẹ̀ ni mo ti rí i."

Ó ní kí n fi fóònù iṣẹ́ sílẹ̀. Kò lé mi. Ó ní ẹnìkejì mi ni yóò tún àwọn ilé yẹn wò, kí n tẹ̀ lé e láti fi ilé hàn án, kí n má ṣe la ẹnu mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ó dáa tó o padà wọlé." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ilé obìnrin tó ń se ẹ̀gẹ́ la kọ́kọ́ lọ. Ẹnìkejì mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ìkọ́, kó tó mú fóònù jáde.

"Ṣé ẹ jẹun lánàá?"

Obìnrin náà ò wò ó. Èmi ló ń wò. "Ẹ bi í," ó ní, ó nàka sí mi. "Òun ló mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ní kí n má la ẹnu mi. Mo là á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í." Mo fara ti ògiri. Ó gbé ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú, ó fún un lọ́mú. Ẹnìkejì mi ló dá lóhùn.

"A ò jẹun," ó ní. Ẹnìkejì mi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìpín àkọ́kọ́ ti kọjá kí a tó wo àwọn ilé náà tán. Ìpín kejì ló kàn wọ́n. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n máa tò wọ́n lórí ìlà, òjò sì pa gbogbo wa. Ìyá náà gba ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró. Ó fi ìka tẹ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ẹ̀wà wò, ó ní wọn ò ṣa òkúta inú rẹ̀ dáadáa. Ó bi mí bí àwọn ọmọ mi ṣe wà. Kò sọ nǹkan mìíràn, aládùúgbò rẹ̀ gbé àpò ìrẹsì náà lé èjìká, wọ́n jọ lọ. Obìnrin tó ń se ẹ̀gẹ́ gba tirẹ̀ náà, kò kí mi.

Ilé kan ló kù tá ò rí. Mo rántí wọn dáadáa, lọ́jọ́ kejì ni: tọkọtaya kan, wọ́n ṣì kéré, wọ́n bí ìbejì. Ọkọ ló dá mi lóhùn, ó ń fi ọ̀bẹ họ kúkúńdùnkún. Nígbà tá a padà débẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. A lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyàwó lọ́nà Kakata. Ẹlòmíràn ní Ganta ni. Ẹnì kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ń ṣàìsàn nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹni tó dúró tì í ní rárá, ara àwọn méjèèjì le. A fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò wá gba oúnjẹ wọn.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá fóònù padà fún mi. Nígbàkigbà tí ọ̀nà bá gbé mi dé Barnersville, mo máa ń gba iwájú ilé tọkọtaya yẹn kọjá. Ẹlòmíràn ti gbà á, wọ́n ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Obìnrin tó wà níbẹ̀ báyìí ti ń dá mi mọ̀. Ó máa ń juwọ́ sí mi, ó rò pé ará àdúgbò ni mí. Mo máa ń juwọ́ padà, màá sì yára kọjá.